Ó Yọ́, Kò Yọ́

Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta a máa lágídí. A kò bú wọn o, iṣẹ́ wọn ló fà á. Ẹni tó bá fi òòlù lu àpáta láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí, tí àpáta ò sì yẹ̀ fún un, bó pẹ́ bó yá, ìwà àpáta á ràn án. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó lágídí tó Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Rájí tó ń gbé ní Ṣómólú, àfi Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹkúndayọ̀ tó ń gbé ní Bàríga. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ṣoṣo lèèyàn máa wọ̀ láti ilé ọ̀kan dé ilé èkejì, ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n jọ dá Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Nípa Ilẹ̀ àti Òkúta sílẹ̀ ní yunifásítì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi hewú. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni Mahmood, láti ìdílé àwọn alùfáà àti akọ̀wé ìjọba. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ẹkúndayọ̀, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi paraku. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn ò nílé, wọn ò lẹ́rọ, àga tí wọ́n ń jókòó sí gan-an, wọ́n yá a ni. Yàrá ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ilé àwọn oníkẹ́místìrì ni wọ́n fún wọn, òórùn ásíìdì ibẹ̀ ò sì jẹ́ kéèyàn jẹun gbádùn. Tábìlì kan ni àwọn méjèèjì ń lò, wọ́n á kọjú síra wọn, orúnkún á máa gbá orúnkún lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ rẹ́ òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe òkúta ibojì ni wọ́n lọ tọrọ ẹ̀rọ tó ń gé e. Àwọn yẹn bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi òkúta náà kọ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ fi kọ́ nǹkan kan, àwọn kàn fẹ́ wò ó ni. Àwọn tó ni ẹ̀rọ wo ara wọn lójú, wọ́n sì yára bá wọn gé e kí wọ́n lè tètè máa lọ.

Tí wọ́n bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sóko ìwádìí, Ẹkúndayọ̀ ló máa ń se ẹ̀wà fún gbogbo wọn, nítorí Mahmood ò mọ iná dá. Bí àkókò ìrun bá tó nínú igbó, tí ojú ọ̀run sì ṣú tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí oòrùn wà, Ẹkúndayọ̀ Onítẹ̀bọmi yìí kan náà ló máa yọ kọ́ńpáàsì tí wọ́n fi ń wọn bí àpáta ṣe fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wò ó dáadáa, á nawọ́, á ní, "Mahmood, apá ibí ni Mẹ́kà wà. Tètè kírun, òjò ń bọ̀."

Bí ẹ̀ka náà ṣe dìde nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ilé rẹ̀ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn ilé iṣẹ́ elépo wá ń fi owó ńlá fa àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ, ìyanṣẹ́lódì dé, ó lọ, ó tún dé. Àwọn méjèèjì ò kúrò nídìí tábìlì wọn.

Òkè kan ló dá wàhálà sílẹ̀. Òkè Asúnmáparadà ni àwọn ará abúlé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń pè é, ní apá Òkè-Ògùn, ibẹ̀ sì ni wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ lọ. Mahmood fi òòlù ṣẹ́ òkúta kan níbẹ̀, ó fi omi nù ún, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ní òkúta yìí ti yọ́ rí nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, bí òrí ṣe ń yọ́, kó tó di pé ó tutù tó sì le. Ẹkúndayọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ìlà dúdú àti funfun tó wà lára rẹ̀, ó ní kò yọ́ rárá. Ó ní òkúta mìíràn ni tẹ́lẹ̀, pé ooru àti ìwúwo ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ló sè é tó fi yí padà, bí ẹ̀wà lílọ̀ ṣe ń di mọ́ínmọ́ín nínú ewé. Mahmood ní ó yọ́. Ẹkúndayọ̀ ní kò yọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sórí àpáta, wọ́n ń wò wọ́n, ebi ń pa wọ́n, kò sẹ́ni tó ráyè dáná.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀ka ti pín sí méjì, Ẹgbẹ́ Òrí àti Ẹgbẹ́ Mọ́ínmọ́ín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́n á kọ́kọ́ wádìí ẹni tó máa máàkì ìwé rẹ̀ kó tó dáhùn ìbéèrè. Ní gbogbo Sátidé, Ẹkúndayọ̀ á wá sílé Mahmood ní Ṣómólú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìjà náà níbi tí wọ́n bá a dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Táwà, ìyàwó Mahmood, á gbé oúnjẹ kalẹ̀, oúnjẹ á tutù. Á gbé e lọ gbóná, á tún tutù. Ìjà náà dùn nígbà yẹn.

Ọjọ́ tí Ẹkúndayọ̀ fẹ̀yìn tì ni nǹkan bàjẹ́. Gbọ̀ngán kún fọ́fọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, pásítọ̀ rẹ̀ jókòó, àwọn àna rẹ̀ jókòó. Ó ń ka ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ lọ, ó dé orí Òkè Asúnmáparadà, ó gbé ohùn sókè pé òkúta náà kò yọ́. Mahmood tó wà ní ìlà iwájú pariwo pé, "Ó yọ́!" Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì tètè tán. Ẹkúndayọ̀ wá ibi tó ń kà, kò rí i mọ́. Ó ṣí ewé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó ká ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó.

Àwàdà ni Mahmood pe ohun tó ṣe. Ẹkúndayọ̀ ò pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń retí kí wọ́n wá bẹ òun, èkejì ń retí kí wọ́n wá sílé òun ní Sátidé bí wọ́n ti máa ń wá. Sátidé kan kọjá, òmíràn kọjá, Mahmood náà wá fẹ̀yìn tì, Ẹkúndayọ̀ ò yọjú síbẹ̀. Kálukú gba ilé rẹ̀ lọ, ó di ẹni tí wọ́n ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ọdún yìí ni ẹ̀ka náà pé àádọ́ta ọdún. Dókítà Munirat tó jẹ́ olórí ẹ̀ka báyìí, tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ níwèé, ní òun máa ṣe ìwé ìtàn ẹ̀ka náà jáde, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún Mùtíù, olùtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, Munirat wá sílé Mahmood, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ilé o, sà. Ìwé ti parí. Orí kìíní nìkan ló kù."

"Kí ló ṣe orí kìíní?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é, sà. Ẹ̀yin àti Bàbá Bàríga. Mo ní kí ẹ̀yin méjèèjì kọ bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin kọ, ẹ ní òkúta yẹn yọ́, pé ẹni tó bá ní kò yọ́, kó padà lọ kàwé. Ohun tí àwọn náà kọ, wọ́n ní kò yọ́, pé ẹni tó bá ní ó yọ́, ojú ló ń dùn ún."

Mahmood rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ó yẹ kí inú bí òun.

"Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ wa ti gbé òkúta yẹn sínú ẹ̀rọ ìgbàlódé, sà. Apá kan yọ́, apá kan ò yọ́. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre."

"Apá kan kẹ̀? Munirat, ṣé èmi ni mo kọ́ ẹ ní apá kan?"

"Ohun tí Bàbá Bàríga bi mí gan-an nìyẹn." Munirat dìde, ó jókòó sórí àga. "Sà, mi ò lè tẹ ìwé tí àwọn bàbá wa ti ń bú ara wọn níbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ṣe pélétì. Tí ẹ̀yin méjèèjì ò bá fẹnu kò kó tó dìgbà yẹn, mo máa yọ orí kìíní kúrò. Ìwé á bẹ̀rẹ̀ láti orí kejì, níbi tí àwọn elépo ti dé. Ẹ dárí jì mí, sà."

Pélétì yìí ni irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé ojú ìwé sí kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mahmood mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó pẹ́ ní Ṣómólú tí kò mọ̀ ọ́n. Yàrá ìkẹ́rùsí, òórùn ásíìdì, tábìlì kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ló máa ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó bá ka ìwé náà á rò pé ọ̀run ni ẹ̀ka náà ti já bọ́ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó dùn ún gan-an. Síbẹ̀, bàbá fàáké kọ́rí. Ó ní kí Munirat lọ bá ẹni tó jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí Onípanu láti gba gíláàsì ojú rẹ̀ tí wọ́n bá a tún ṣe. Ó fẹ́ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ sọdá ni ó rí ọkùnrin kan níwájú tó di irin mú, tó ń gùn ún lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sinmi. Ó gbé òmíràn, ó tún sinmi. Mahmood ò rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀yìn yẹn. Ẹ̀yìn yẹn ló tẹ̀ lé gun gbogbo òkè tó gùn láyé rẹ̀. Ó lanu láti pè é, ó tún pa á dé. Ó bá yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta bẹ́líìtì, ó ń fọwọ́ pa bẹ́líìtì tí kò fẹ́ rà, títí Ẹkúndayọ̀ fi dé òkè, tó dúró pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, tó sì sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì.

Nígbà tó délé, kò lè jẹun. Ó sọ ohun tó rí fún Táwà.

"Ẹ ò sì pè wọ́n?" ni Táwà bi í.

"Mi ò pè é."

"Bàbá Kausarat." Táwà gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀fọ́ tó ń já. "Òkúta yẹn ti wà kí wọ́n tó bí bàbá tó bí yín lọ́mọ. Ó máa wà lẹ́yìn tiyín. Kò mọ̀ yín rí. Ẹni tó mọ̀ yín lẹ jẹ́ kó dá gun afárá lọ yẹn. Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré."

  Ẹ̀rù ba Mahmood. Ó wò ó pé bí nǹkan bá ṣe Ẹkúndayọ̀ lónìí, ẹnu ẹlòmíràn lòun máa ti gbọ́, òun ò sì ní mọ ojú tí òun máa gbé lọ sílé rẹ̀. Ó ṣàárò ọkùnrin náà. Ó ti ń ṣàárò rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìgbéraga ni ò jẹ́ kó pe àárò náà lórúkọ.

Ilẹ̀ mọ́, ó forí lé ilé ìtẹ̀wé Mùtíù.

Ẹni tí kò bá tíì tẹ̀wé ní Ṣómólú rí lè rò pé ẹni tó kọ ìwé ló ni ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó kẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ló ni ín. Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Oníbàárà á wọlé, á jókòó, á nàka sójú ẹ̀rọ pé yọ eléyìí, fi tọ̀hún síbẹ̀, jẹ́ kí orúkọ ìyá ìyàwó tóbi sí i. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé ta ló rán an. Ìwé ìrántí òkú pọ̀ ní Ṣómólú tí àwọn ọmọ ìyàwó kejì ti jókòó kẹ́yìn sí.

Níní, ọ̀dọ́bìnrin tó ń bá Mùtíù ṣe kọ̀ǹpútà, ló kí i káàbọ̀. Mahmood sọ fún un pé òun wà lára àwọn tó kọ orí kìíní ìwé ẹ̀ka òkúta.

"Ẹ jókòó, Daddy. Kí la fẹ́ yí?"

Ó wo ojú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ Ẹkúndayọ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú èébú rẹ̀. Ó ní kí Níní pa gbogbo èyí tó jẹ mọ́ Òkè Asúnmáparadà rẹ́, kó sì kọ ohun tí òun máa pè.

"Kọ ọ́ pé: Lórí ọ̀rọ̀ Òkè Asúnmáparadà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹkúndayọ̀ ló jàre. Òkúta náà..." Ikọ́ dé.  Níní na omi inú ọ̀rá sí i, ó mu ún. "Òkúta náà kò yọ́. Èmi, Mahmood Rájí, ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé kó dúdú, Daddy?"

"Jẹ́ kó dúdú dáadáa."

Ó rìn lọ sílé, ó sì yà á lẹ́nu pé ara òun fúyẹ́. Ó jẹun lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Táwà wò ó, kò bi í ní nǹkan kan, ó kàn bù sí i ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ara rẹ̀ ò gbà á láti jókòó sílé. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó gbé e sórí irin. Ó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Níní ṣí orí kìíní fún un. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé: *Lórí ọ̀rọ̀ Òkè Asúnmáparadà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Rájí ló jàre. Òkúta náà yọ́. Èmi, Ẹkúndayọ̀, ni mo sọ bẹ́ẹ̀.*

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Bàbá kan ló wá lánàá," ni Níní wí. "Wọ́n ní àwọn náà wà lára àwọn tó kọ ọ́. Wọ́n ga, ohùn wọn dà bí tàwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ka tiyín, wọ́n kàn dijú báyìí. Mo rò pé wọ́n ti sùn lọ. Ni wọ́n bá ní kí n pa á rẹ́, pé irọ́ ni."

"Irọ́? Ó pè mí ní onírọ́?" Mahmood dìde, ó tún jókòó. Inú ń bí i, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò mọ èyí tí òun máa kọ́kọ́ fún láyè. "Pa tiẹ̀ rẹ́. Dá tèmi padà síbẹ̀, kíá!"

Níní ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ ni ohùn kan dún lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ yìí, má fọwọ́ kàn án o!"

Ẹkúndayọ̀ ló dúró síbẹ̀, agbòjò lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ò fọkàn tán Mahmood. Ó mọ̀ pé bí Mahmood bá ti yí ìwé lẹ́ẹ̀kan, ó máa padà wá yí i, ó sì ti wá ṣọ́ ọ.

"Mahmood, kí lo ń ṣe sí ìwé yẹn?"

"Ìwọ ni kí n bi léèrè! Ta ló rán ẹ pé kóo sọ pé mo jàre?"

"O jàre ni."

"Mi ò jàre!"

"Òkúta yẹn yọ́."

"Kò yọ́! Ìwọ fúnra rẹ lo ní ooru ló sè é. Ìwọ lo fi ìlà ara rẹ̀ hàn mí."

"Kí ni ìlà já mọ́? Òkúta tó yọ́ náà lè ní ìlà. O sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé, o tún kọ ọ́ sínú ìwé."

"Mo ṣì í kọ ni!"

"Oò ṣì í kọ! Ta ló ní kóo máa gbà fún mi?"

Ariwo náà pọ̀ débi pé wọ́n pa ẹ̀rọ. Àwọn tó ń gé bébà jáde wá, àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì náà yọjú. Wọ́n gbọ́ ilẹ̀, wọ́n gbọ́ òkè, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, wọ́n ń bi ara wọn pé èwo nínú bàbá méjèèjì ni ọmọ onílẹ̀. Ọkùnrin kan tó lẹ́nu láàárín wọn ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ fi sùúrù ṣe é, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín bá lọ́yà wọn sọ̀rọ̀." Mùtíù rí i pé iṣẹ́ ti dúró, ẹni tó ń ṣe pélétì sì ti ń wo aago. Ó bá pe Munirat lórí fóònù, ó sọ ọ́ sí gbangba kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Ohun tí Munirat kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ó yọ́!" Ohun kejì tó gbọ́ ni, "Kò yọ́!"

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Mùtíù, ẹ yọ orí kìíní kúrò."

"Rárá!" Bàbá méjèèjì pa ẹnu pọ̀ sọ ọ́.

"Dókítà, kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó o," ni Mùtíù wí. "Bàbá tiwa, Bàbá Ṣómólú, ló ń sọ pé kò yọ́. Bàbá Bàríga ló ń sọ pé ó yọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹnu. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wá síbí, ó gba ẹ̀bi, ó dá èkejì láre. Ìyẹn náà ni wọ́n wá ń jà sí. Mi ò rírú ẹ̀ rí."

 Kò yé Mùtíù bóyá ẹ̀rín ni Munirat ń rín tàbí ẹkún ló ń sun.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"Èwo, mà?"

"Méjèèjì. Ẹ fi ti ọ̀kan sójú ewé ọ̀tún, ẹ fi ti èkejì sójú ewé òsì, kí wọ́n kọjú síra wọn. Ẹ má yọ ọ̀rọ̀ kankan."

Níní tẹ ọ̀rọ̀ Mahmood padà, ó sì ń tò ó. Àwọn èrò fọ́nká, àwọn tó ti ń retí ẹjọ́ ilẹ̀ ò dunnú rárá. Bàbá méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń ṣọ́ ojú ẹ̀rọ, wọ́n sì ń ṣọ́ ara wọn. Bẹ́ǹṣì náà kéré, kò gba kí wọ́n jìnnà síra. Ẹkúndayọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Kí ló mú ẹ gbà fún mi?"

"Mo rí ẹ lórí afárá Onípanu," ni Mahmood wí. "Ò ń gbé ẹsẹ̀ kan, ò ń sinmi. Àyà mi já. Mo ní ara rẹ ò yá, mo sì ti jẹ́ kọ́rọ̀ òkúta gba ẹnu tí mo lè fi pè ẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹkúndayọ̀ yíjú wò ó.

"Ara mi le koko. Mo ti rí ẹ nísàlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Mo ń rọra gùn ún kóo lè bá mi ni."

Mahmood ń fọwọ́ pa etí bẹ́ǹṣì.

"Mo dúró lókè títí," ni Ẹkúndayọ̀ wí. "Mo ní bóyá o ń ra bẹ́líìtì ni."

"Mi ò ra bẹ́líìtì kankan." Mahmood wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọjọ́ gbọ̀ngán yẹn, mo ṣàṣejù. Níwájú àwọn àna rẹ. Mo rí i nígbà tóo ń wá ojú ewé, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu tèmi náà. Má bínú, Ẹkúndayọ̀."

"Mo ti bínú tán. Ó ti sú mi. Láti ìgbà yẹn, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi Sátidé ṣe." Ó gbá orúnkún Mahmood. "Àmọ́ òkúta yẹn yọ́ o."

"Kò yọ́."

Wọ́n dúró títí ẹni tó ń ṣe pélétì fi gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà tún padà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n jọ jáde. Ẹkúndayọ̀ yà sí ọ̀nà Bàríga, Mahmood di apá rẹ̀ mú, ó ní kò sí ohun tó jọ ọ́, ilé òun ni wọ́n ń lọ. Wọ́n gba àárín Ṣómólú kọjá, láàárín àwọn tó ń ru bébà àti àwọn tó ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ohùn wọn ń lọ sókè sí i ní gbogbo ìkóríta. Ọ̀kan á dúró kó lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣàlàyé, èkejì á dúró kó lè kọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kan tẹ fèrè mọ́ wọn, wọn ò tilẹ̀ gbọ́.

Táwà gbọ́ wọn láti inú ilé kí wọ́n tó yọ. Ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, ìyẹn ò yà á lẹ́nu. Ó gbọ́ ohùn kejì, ó sì sáré jáde láìwé gèlè, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Kausarat," ni Ẹkúndayọ̀ wí, bí ẹni pé Sátidé tó kọjá ló wá kẹ́yìn. "Ẹ wá bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ọkọ yín ní òkúta yẹn ò yọ́."

"Kò yọ́!" ni Mahmood pariwo.

"Ẹ gbọ́ bí?"

Táwà wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Kò bi wọ́n pé báwo ló ṣe jẹ́. Omi ti gba ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí àyè lè wà.

"Ẹ má dúró jà síta mọ́," ni ó wí. "Ẹ wọlé wá jà."